Ìwé Tí Èrò Gbàgbé

Láàárọ̀ yìí mo kó wọn síta kí oòrùn lè pa wọ́n,
ìwé mẹ́tàlélógójì lórí ẹní, lẹ́yìnkùlé,
níbi tí àpáta Ṣábẹ̀ẹ́ ti ń wò wá láti òkè
bí àgbà tó ti rí irú èyí rí.
Kì í ṣe èmi ni mo rà wọ́n.
Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi já tíkẹ́ẹ̀tì nínú ọkọ̀ ojú irin.
Bí èrò bá sọ̀ tán, èmi ni mo ń wo abẹ́ ìjókòó:
sálúbàtà ẹsẹ̀ kan, agboòrùn, eyín àtọwọ́dá nígbà kan,
àti ìwé.
Mo kọ déètì sẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo kọ nọ́ńbà ìjókòó,
mo ní ẹni tó ni ín á wá a wá.
Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni kò wá mọ́.
Koríko ti bo irin ní gáà, ewúrẹ́ ń jẹ láàárín rẹ̀,
èmi ṣì ń ṣọ́ ẹrù ẹlẹ́rù.

Òrùlé ń jò. Ojú mi ń ṣú lọ díẹ̀díẹ̀
bí àtùpà tí epo rẹ̀ ń gbẹ.
Mo ti fún Ṣàbí káfíńtà ní àga kejì
(ta ló tún ń jókòó tì mí láti ìgbà tí Ìbídùn ti lọ?),
mo ti ta rédíò tó ń sọ̀rọ̀ jù mí lọ.
Abọ́ méjì, ife kan, ìkòkò kan. Ó tó.
Ó wá ku ìwé.
Dókítà ojú ní Párákù ní ojúmọmọ nìkan ni kí n máa kàwé,
kó má ju wákàtí kan lọ.
Mo ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn bébà owó iná:
bí Ọlọ́run bá fún mi lọ́dún mẹ́rin,
bóyá mẹ́sàn-án ni mo lè kà kí ojú tó ti ilẹ̀kùn.
Ẹni tó lé eku méjì á pòfo,
ká má tíì sọ ẹni tó lé mẹ́tàlélógójì.

Mo kọ́kọ́ tò wọ́n bí wọ́n ṣe ga. Kò já sí nǹkan kan.
Mo gbé èyí tó nípọn jù, ti ogun àwọn ọba;
ọrùn ọwọ́ mi ní rárá.
Ọ̀kan wà tó ń kọ́ni béèyàn ṣe lè fi nǹkan díẹ̀ gbé ayé,
ìjókòó kejìdínlógún, oṣù Ọ̀wàrà.
Mo fẹ́ fi ṣe àkọ́kọ́, ni ẹ̀rín bá pa mí:
ẹni tó gbàgbé rẹ̀ ti kọ́ ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ tán,
ó sọ̀ kalẹ̀ lọ́wọ́ òfo!
Iṣẹ́ ìyẹn ti parí. Ṣàbí á fi há fèrèsé rẹ̀.

Ìgbà náà ni mo rí i pé àwọn kan wà
tí wọ́n ṣẹ́ etí ewé wọn po.
Ibi tí èrò kàwé dé nìyẹn kí ọkọ̀ tó fun fèrè,
kó tó sáré gbé ọmọ, kó gbé apẹ̀rẹ̀,
kó fi ìtàn sílẹ̀.
Wọn ò pé mẹ́sàn-án. Mẹ́fà ni wọ́n.
Ó tẹ́ mi lọ́rùn.

Ti oyin sísìn ni ṣíwájú, ojú ewé kọkànlélógún,
tí ẹnì kan kọ̀wé sí etí rẹ̀: bi Bàbá.
Lẹ́yìn ìyẹn, ti ìyàwó tó ń retí lẹ́tà ní Àjàṣẹ́;
ọdún kẹtàdínlógún rèé tó ti wà lórí ìdúró,
ẹsẹ̀ á ti máa dùn ún.
Èyí tí ikán jẹ ìparí rẹ̀ ló kẹ́yìn,
kí èmi àtiẹ̀ jọ dákẹ́ láìmọ ibi tọ́rọ̀ já sí.
Mẹ́rìndínlógójì yòókù, Mẹ́ẹ̀tì Adékàmbí á wá kó wọn
fáwọn ọmọ iléèwé, lọ́la, bí òjò bá gbà.

N kò ní bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé kìn-ín-ní.
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sọ̀ ní Dásà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ sọ̀ ní Ṣáúrù,
níbi tẹ́ ẹ dé ni mo ti ń bá a lọ.

Wákàtí kan ti pé.
Nínú ọ̀rọ̀ oyin, mo ti mọ̀ pé èéfín díẹ̀ la fi ń bẹ̀ ẹ́.
Kí ni wọ́n fẹ́ bi Bàbá?
Mo na etí ewé náà, mo tún un nà,
kò nà.